Àwọn Tí Ń Gòkè Àti Àwọn Tí Ń Wòkè



Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2025, ọmọ Yorùbá kan gbéra kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Ọ̀gbẹ́ni Owólabí Salis ni, ọmọ Ìkòròdú, agbẹjọ́rò tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé. Òun àti àwọn márùn-ún mìíràn ni wọ́n jọ wọ inú rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ Blue Origin ní ìpínlẹ̀ Texas. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbé wọn kọjá 100 kìlómítà sókè. Ara wọn fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n rí ilẹ̀ ayé nísàlẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ ńlá tí ó ṣí bí agboòrùn sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbéra dé ìbalẹ̀, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí a bá da ọ̀nà náà dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, kò tó Ìbàdàn sí Èkó.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé iwájú mọ́ṣáláṣí tiwa lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé òyìnbó kàn ń ya fíìmù ni. Àwọn kan fẹ́ mọ iye tí ó san. Bàbá àgbàlagbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún gan-an wá kọjú sí wa, wọ́n ní, "Ààfáà, ṣé ẹ̀sìn fàyè gbà á?" A dá wọn lóhùn pé a kò rí ibi tí ẹ̀sìn ti kọ̀ ọ́. Wọ́n mi orí, wọ́n sì bọ́ sẹ́nu ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ṣe wá bí ẹni pé ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí yóò ka ìwé yìí, bóyá ni a óò rí ẹyọ kan tí yóò gòkè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè gbé ojú sókè. Àwọn tí ń gòkè ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn tí ń wòkè láàrin àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń dínkù, ó sì ń pa wá lára ju bí a ti rò lọ.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ìrìn-àjò òfurufú ṣe di ohun tí à ń rà tí à ń tà. Ní 1957 tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi Sputnik ránṣẹ́ sókè, àti ní 1961 tí Yuri Gagarin di ẹni àkọ́kọ́ tí ó yí ayé po láti òkè, iṣẹ́ ìjọba pátápátá ni. Ìjọba ńlá méjì ló ń bá ara wọn figẹ̀ wọngẹ̀. Kódà ilẹ̀ wa ní ìpín níbẹ̀: àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó kan sí Kánò nígbà náà, tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ òfurufú wọn bí ó bá ń kọjá lókè ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí olówó kankan tí ó lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáwọ́ lé.

Ní 2001 ni ará Amẹ́ríkà kan, Dennis Tito, san nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là kí àwọn ará Rọ́ṣíà lè gbé òun dání. Ní 2004, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ SpaceShipOne, tí kì í ṣe ti ìjọba kankan, gbé ènìyàn kọjá 100 kìlómítà lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì gba ẹ̀bùn 10 mílíọ̀nù dọ́là. Ansari ni orúkọ ẹbí tí wọ́n fi sọ ẹ̀bùn náà, ẹbí tí ó ṣẹ̀ wá láti Iran. Nígbà tí ó di 2006, Anousheh Ansari fúnra rẹ̀ gòkè, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó fi owó ara rẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ SpaceX ti Elon Musk, tí a dá sílẹ̀ ní 2002, ni ó yí ọjà náà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́ kùnà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ní 2008, ni ó tó dé ibi tí wọ́n rán an. Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni. Yóò ti ẹrù dé òkè, yóò já sínú òkun, ó parí. Ó dà bí ẹni tí ó fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iṣu láti Ṣakí dé Èkó, tí ó já ẹrù tán, tí ó wá ti ọkọ̀ náà sínú ọ̀sà. Èló ni yóò ta iṣu náà? Ní ìparí ọdún 2015, apá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9, tí ó jẹ́ apá tí ó gbówó lórí jù, ti ẹrù rẹ̀ sókè tán, ó yí padà, ó tún iná rẹ̀ tàn, ó sì fi ẹsẹ̀ mẹ́rin balẹ̀ ní Florida bí ẹyẹ tí ó bà. Lónìí, wọ́n ti lo àwọn kan nínú wọn ju ogún ìgbà lọ. Ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ ti já wálẹ̀.

Nǹkan wá ń yára. Ní 2020, wọ́n gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà méjì lọ. Ní 2021, wọ́n gbé ènìyàn mẹ́rin tí kò sí òṣìṣẹ́ òfurufú kankan nínú wọn, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta lókè. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Jared Isaacman, olówó tí ó sanwó ìrìn-àjò náà, àti Sarah Gillis yọ ara wọn síta láti inú ọkọ̀ sínú òfurufú gan-an, ohun tí ó jẹ́ pé ẹni tí ìjọba rán nìkan ní í ṣe é tẹ́lẹ̀. Orí òṣùpá pàápàá kò gbẹ́yìn. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Intuitive Machines balẹ̀ síbẹ̀ ní 2024, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Firefly balẹ̀ ní oṣù kẹta 2025, ó sì dúró ṣánṣán.

A kì í ṣe ara àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ fún olówó nítorí pé ó jẹ́ olówó. Kí ènìyàn kó òbítíbitì owó sílẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ wá létí dáadáa. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìbínú bo ara wa lójú. Ní oṣù kẹfà 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX kan gbé àpótí kékeré kan dání tí òró àti ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, tí ó wúwo tó bí àpò ṣúgà kílò kan. Nigeria EduSat-1 ni orúkọ rẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́ ni ó ni ín. Jàpáànù ni wọ́n ti tò ó pọ̀, lábẹ́ ètò kan tí Gánà, Mongolia àti Bangladesh náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ó yí ayé po fún nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó já wálẹ̀, tí ó jóná nínú afẹ́fẹ́. Àkúrẹ́ ni a wí o, kì í ṣe London. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ òfurufú kò kan ọmọ Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ dé Àkúrẹ́ ná.

Bàbá tí ó bi wá léèrè nípa ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún èsì tí a fún wọn. Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó gòkè ni Ọmọọba Sultan bin Salman ti Saudi Arabia, ní oṣù kẹfà 1985, oṣù Rámádáánì sì ni. Ní oṣù kẹwàá 2007, inú Rámádáánì kan náà, dókítà ará Malaysia kan, Sheikh Muszaphar Shukor, wọ ọkọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà lọ, ó sì ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ lókè. Ẹ wo ìṣòro rẹ̀: ọkọ̀ náà ń yí ayé po láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, tí ó fi jẹ́ pé oòrùn ń yọ lójú rẹ̀ bí ìgbà 16 láàrin wákàtí 24. Ṣé ìrun Àsùbáà mẹ́rìndínlógún ni yóò kí? Níbo ni yóò kọjú sí? Àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn ní Malaysia jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kí ó tó lọ. Wọ́n ní kí ó máa fi wákàtí ìlú tí ó ti gbéra ka àkókò ìrun, kí ó kọjú sí ibi tí agbára rẹ̀ bá ká, wọ́n sì ní ó lè sún ààwẹ̀ rẹ̀ síwájú. Ohun tí ó wù wá jù níbẹ̀ ni pé wọ́n jókòó pọ̀. Wọn kò dúró kí ó dé tán kí wọ́n tó máa bú u.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa àwọn tí ń gòkè. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wòkè ni ọkàn wa wà.

Ọkùnrin kan wà ní Crimea, létí Òkun Dúdú, tí ń jẹ́ Gennady Borisov. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn sánmà débi pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tẹlisíkóòpù, awò gígùn tí ó ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ ojú, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 65 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìdájí ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 2019, ó rí ohun kan tí ó ń rìn ní ọ̀nà tirẹ̀, tí kò bá àwọn yòókù rìn. Ó ṣe ìṣirò, ó sì kéde rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé dojú awò kọ ọ́, ìràwọ̀ onírù ni wọ́n bá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti agbo oòrùn wa yìí. Àlejò ni, láti ọ̀dọ̀ oòrùn mìíràn. Ìkejì irú rẹ̀ ni tí ọmọ ènìyàn rí láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ńlá fi ẹ̀rọ ńlá rí ní 2017. Orúkọ Borisov ni wọ́n fi sọ ọ́. Yóò máa jẹ́ ẹ lọ títí.

Anthony Wesley náà wà ní Australia, ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó fi ń jẹun. Ní òru ọjọ́ 19 oṣù keje 2009, láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó rí àpá dúdú kan lára Jupiter tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Jupiter ni àwọn ìwé Lárúbáwá wa ń pè ní Al-Mushtarii. Nǹkan ńlá kan ti forí sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ lórí ilẹ̀ ayé títí ọkùnrin yìí fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn náà yí awò wọn ní Hawaii padà láti lọ wo ohun tí ó wí, wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta wọn ni èyí tí ó kan àwa gan-an. Ní oṣù keje 1995, Thomas Bopp, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun èlò ìkọ́lé ní Arizona, bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀ lóru. Òun kò ní awò kankan. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó yọjú wò. Ó rí ohun kan bí òwú tí kò sí nínú àwòrán ìràwọ̀ tí wọ́n mú dání. Ní òru kan náà, Alan Hale rí i ní New Mexico. Bí a ṣe rí orúkọ Hale-Bopp nìyẹn, ìràwọ̀ onírù tí ojú lásán rí fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Ní 1997, a rí i níhìn-ín. Olùkọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni wá nígbà náà. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn, ó so kọ́ síbẹ̀, ìrù rẹ̀ funfun, ó yọ́ bí èéfín àdògán. Àdúgbò kún fún àhesọ. Wọ́n ní ọba ńlá kan yóò wàjà, wọ́n ní ogun ń bọ̀; ẹ rántí pé ìjọba sójà ni, kálukú ló ní ẹni tí ó ń gbàdúrà pé kí ìràwọ̀ náà wá mú lọ. A rán wọn létí ohun tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ àwọn Sàhábà nígbà tí oòrùn wọ òkùnkùn lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú, pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni. Àwọn díẹ̀ gbọ́.

Kí ni a rí fà yọ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìjọba sanwó fún pé kí ó máa wá nǹkan lójú ọ̀run. Ẹ̀yìn iṣẹ́ oòjọ́ ni wọ́n ti ń wòkè. Ohun tí wọ́n ní ni sùúrù àti pé wọ́n mọ bí sánmà ṣe rí lánàá, tí wọ́n fi lè mọ ohun tí ó yí padà lónìí.

Ní ti ìmọ̀ yìí, àwọn ọmọ ilé kéwú ti ní ogún kan tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní. Lọ́jọ́ kan, a kọ orúkọ ìràwọ̀ mẹ́rin sára pátákó gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti ń kọ wọ́n: Rigel, Deneb, Altair, Aldebaran. A ní kí àwọn ọmọ kíláàsì gíga kà wọ́n. Wọ́n kà á bí ẹni ń ka orúkọ oògùn. A wá fi Lárúbáwá kọ wọ́n sí abẹ́ rẹ̀: Rijl, Dhanab, At-Taa'ir, Ad-Dabaraan. Ẹ̀rín sọ. Ẹsẹ̀! Ìrù! Èyí tí ń fò! Èyí tí ń tẹ̀lé! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n wà lórí wàláà ni. Àwọn Lárúbáwá ni ó sọ wọ́n lórúkọ, òyìnbó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì ń lò ó títí di òní. Ní nǹkan bí 964, Abdur-Rahman As-Sufi kọ ìwé kan lórí àwọn ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Páṣíà. Ojú lásán ni ó fi wò wọ́n, nítorí ó ku bí ọdún 600 kí a tó ṣe awò àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé náà pé òun rí ìkùukùu kékeré kan ní ibi báyìí. Ìkùukùu náà ni àwọn onímọ̀ òde òní mọ̀ sí Andromeda, agbo ìràwọ̀ tí ó tóbi ju èyí tí àwa wà nínú rẹ̀ lọ.

Èyí tí ó dùn mọ́ àwọn ọmọ nínú jù ni ti Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa ńlá tí ó máa ń wà lókè orí wa ní ìgbà ọyẹ́. Yad al-Jawzaa' ni, ọwọ́ Jawzaa'. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń da ìwé náà kọ sí èdè tiwọn láyé àtijọ́, ẹnì kan ka àmì róbótó méjì tí ó wà lábẹ́ yaa' bí ẹyọ kan. Yaa' di baa', ọwọ́ kò jẹ́ ọwọ́ mọ́, àṣìkà náà sì wà lẹ́nu gbogbo ayé títí di òní. A ti pariwo lé àwọn ọmọ lórí nítorí àmì kan ṣoṣo láìmọye ìgbà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó gbà pé kì í ṣe ìkà ni à ń hù.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti iná tí ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i: lẹ́yìn Mọ̀gàríbì tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́, ìmọ́lẹ̀ kéékèèké, bí ogún, bí ogójì, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tèsùbáà, wọ́n kọjá láìdún. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa kí a ṣe àdúà fún un, nítorí pé ó rí i. Sátẹ́láìtì ni. Ti Starlink ni, ilé-iṣẹ́ SpaceX kan náà ló ni wọ́n. Ní oṣù karùn-ún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 60 sókè lẹ́ẹ̀kan. Lónìí wọ́n ti lé ní 7,000. Nǹkan bí 550 kìlómítà ni wọ́n wà sókè. Oòrùn tí ó ti wọ̀ lójú wa kò tíì wọ̀ lójú tiwọn, ìtànṣán rẹ̀ ni à ń rí lára wọn. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, wọn yóò fọ́n ká, a kò ní í rí wọn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n wúlò, a kò lè sẹ́ ẹ. Láti oṣù kìíní 2023 ni Nàìjíríà ti ń lò wọ́n, òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, àwọn abúlé tí kò ní òpó tẹlifóònù sì ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ń wòkè. Bí wọ́n bá ṣí awò wọn sílẹ̀ fún wákàtí kan láti ya àwòrán ìràwọ̀ tí ó jìnnà, ilà funfun ni wọ́n ń bá nínú rẹ̀, bí ẹni fi èékánná fa wàláà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àdéhùn kan wà láàrin àwọn orílẹ̀-èdè láti 1967 pé kò sí ìjọba tí ó gbọdọ̀ sọ pé òun ni ó ni òfurufú tàbí òṣùpá. Ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá sí ẹni tí ó ni ín, ta ni ó yẹ kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kún un?

Ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ oṣù. Lọ́dọọdún, bí Rámádáánì bá ti ń bọ̀ tàbí tí ó bá ń lọ, ìjà oṣù a dé. Àwọn kan ní oṣù ti lé, àwọn kan ní kò lé. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká a máa dún títí di ọ̀gànjọ́. A mọ ilé kan ní àdúgbò wa tí bàbá ń jẹ àmàlà ọdún ní pálọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń fi ahọ́n lá ètè ní yàrá, nítorí ààwẹ̀ ọgbọ̀n ni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di pé wọn kì í kí ara wọn fún oṣù mẹ́ta. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń jà ní ilé náà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó jáde síta ní alẹ́ náà láti wòkè.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ kò pọ̀. Oṣù máa ń kọjá láàrin ayé àti oòrùn lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọjọ́ 29 àbọ̀. Ìṣẹ́jú tí yóò kọjá wà nínú ìṣirò, àwọn onímọ̀ sì lè sọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Bí oṣù bá wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kò sí ojú tí yóò rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìbáà jẹ́ ojú wálíì. Àwọn tí ń wòkè káàkiri àgbáyé sì ti ṣe àkọsílẹ̀ tó láti sọ pé oṣù tí kò tíì tó wákàtí 15 láti ìgbà tí ó ti kọjá, ojú lásán kì í sábàá rí i. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2013, ará Faransé kan, Thierry Legault, tí òun náà kì í ṣe onímọ̀ ìjọba, fi awò àti kámẹ́rà àkànṣe ya àwòrán oṣù ní ìṣẹ́jú gan-an tí ó di tuntun, lọ́sàn-án gangan. Oṣù Rámádáánì ọdún náà ni. Bóyá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dúró fún rírí oṣù nínú ẹ̀sìn, àwọn onímímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀, àwa kò sì ní í dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́rìí pé òun rí oṣù, ó yẹ kí ó mọ apá ibi tí oṣù wà.

Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní gbogbo ọjọ́ 29 oṣù Hijira, kì í ṣe ti Rámádáánì nìkan, a ń kó àwọn ọmọ kíláàsì gíga lọ sórí àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Awò olójú méjì kan ni a ní, irú èyí tí àwọn sójà máa ń gbé kọ́ ọrùn. Òfin wa kan ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sójú títí oòrùn yóò fi wọ̀ tán pátápátá, nítorí pé ìṣẹ́jú-àáyá kan tó láti fọ́ ojú ọmọ títí ayé. A ní ìwé ńlá kan tí a ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ẹni tí ó rí i, ìṣẹ́jú tí ó rí i. Nígbà òjò, ìkùukùu ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku.

Ọmọbìnrin ọdún 16 kan ni ó ń ṣe ìtọ́jú ìwé náà. Ojú rẹ̀ mú, ìṣirò rẹ̀ sì mú ju ojú lọ. Ó ní físíìsì ni òun fẹ́ kà ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀, ọ̀rẹ́ wa láti kékeré, wá bá wa ní ìdájí ọjọ́ kan. Ó ní, "Ààfáà, kéwú ni mo ní kí ọmọ mi wá kọ́, n kò ní kí ó wá kọ́ ìràwọ̀. Ọmọbìnrin kò sì gbọdọ̀ máa dúró lórí àpáta lẹ́yìn Mọ̀gàríbì." A fún un ní ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n máa ń bá àwọn ọmọbìnrin wá, a sì ń sọ̀kalẹ̀ kí a tó pe ìrun Ìṣáì. Ìdajì kejì ni a kò fún un. A ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó jókòó, ó ń ṣí i láti ojú ewé dé ojú ewé, oṣù mẹ́rìnlélógún tí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ kọ, pẹ̀lú ìṣirò ìgbà tí oṣù yóò wọ̀ àti ìgbà tí ó wọ̀ lóòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó fẹ́ dìde, ó béèrè pé èwo ni oṣù tí ìjà ọdún fi ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa. A ṣí i fún un. Ohun tí ọmọ náà kọ sí iwájú ọjọ́ náà ni pé oòrùn wọ̀, oṣù sì ti ṣáájú rẹ̀ wọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ó ní kí a fún òun ní àyè títí ìdánwò yóò fi kọjá kí òun tó fún wa lésì lórí ọ̀rọ̀ físíìsì. A ṣì ń retí rẹ̀. Ọmọ náà kò pa ọjọ́ 29 kankan jẹ láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń bá a wá.